Kòtò Kékeré Tí Ìyá Bọ́lá Fẹ́ Rí Nínú Òṣùpá

Nígbà tí eegun mi ṣì le… ẹ gbọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná… nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, èmi ni mo ń tọ́jú awò gígùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo òṣùpá. Mo mọ ojú òṣùpá bí mo ṣe mọ ọ̀nà Òrù sí Awà.

Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀. Òkúta ló já látojú ọ̀run tó gbẹ́ ẹ. Kòtò ńlá méjì wà lókè rẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú kan wà nísàlẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní òkun. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Bọ́lá, ìyá àgbà yín. Ọmọ apẹja Ìbíadé létí omi ni. Ó ní, "Òkun? Omi ńkọ́?" Mo ní kò sómi. "Òkun tí ò lómi! Kí ni wọ́n wá ń pa níbẹ̀, eruku?" Ẹ̀rín pa mí. Ó ní kòtò kékeré etí òkun yẹn, Ìbíadé nìyẹn, tòun ni. Kí n mú òun lọ wò ó.

Ṣé mo mú un lọ? Tí òṣùpá bá kún, màá ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdajì òṣùpá ló ń jẹ́ kí òjìji kòtò hàn. Tó bá dé ìdajì, màá ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣèdánwò. Irọ́ ni! Ẹja yíyan ló ń tà, òórùn rẹ̀ kì í kúrò láṣọ rẹ̀. Ojú ń tì mí pé kí àwọn ọ̀gá rí wa pọ̀. Èmi yìí náà…

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì kí n tó mú un lọ. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Mo kọjú awò sí òṣùpá, ó tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́. Ó ní, "Mo rí i o, Bàbá Bọ́lá. Ó mà rẹwà o!" Inú mi dùn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo wò ó… òkùnkùn biribiri. Mi ò tíì ṣí ìdérí awò.

Mo ní, "Kí lo rí?" Ó wá ní, "Ojú mi ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta. Mo rò pé tí mo bá sọ, ẹ ò ní mú mi wá mọ́."

Mo ṣí ìdérí. Mo ń wò ó, mo ń sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Omi ńkọ́?" Mo ní, "Ó kún dẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ti lọ báyìí. Ẹ̀yin, ẹ ń tẹ fóònù, òṣùpá sì ti yọ. Hùn… Ẹni tó bá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ rí nǹkan, ẹ má ní kó dúró de ìdajì òṣùpá.