Rọ́bà Ìyá Fìyìn Ò Jẹ̀bi

“Ìyá Fìyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Òtítọ́ kan wà nínú mi tí n ò gbọ́dọ̀ gbé dé Mẹ́kà.”

Bí Sàlímọ́nù ará Ẹ̀pẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Èbúté Ìkòròdú lọ́dún 2007, níwájú ìsọ̀ ẹja Ìbíjọkẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Fìyìn. Obìnrin náà ò jókòó. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. “Ẹ sọ ọ́ kíá,” ló wí, “ẹja mi ń bàjẹ́.”

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Sàlímọ́nù ń tún ìbọn afẹ́fẹ́ ṣe ní Benson, nínú Ìkòròdú, Ìyá Fìyìn sì ń ta rọ́bà róbótó tí wọ́n fi ń dí ẹnu páǹpù àti ẹ̀rọ ní Itamaga. Ọ̀gá Kọ́láwọlé, òṣìṣẹ́ báńkì tó tún ń sin ẹja, gbé ìbọn tó fi ń lé ẹyẹ kúrò lórí adágún rẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ le ju ti táyà ọkọ̀ lọ fíìfíì, rọ́bà kékeré kan ló sì ń dá a dúró. Rọ́bà yẹn ti gbó. Sàlímọ́nù yọ ọ́, ó fi tuntun tó rà lọ́wọ́ Ìyá Fìyìn sí i, ó ri ìbọn sínú báfù omi. Omi ń hó pùtùpùtù: ó ṣì ń jò. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Orí rẹ̀ gbóná. Ọ̀gá Kọ́láwọlé náà ò yé pè é: “Bàbá Rodiat, ẹyẹ ti fẹ́ jẹ ẹja mi tán o! Kí ló dé gan-an?”

“Rọ́bà burúkú tí Ìyá Fìyìn ń tà ni!” Ìbínú ló fi sọ ọ́, kò tíì di irọ́ nígbà náà.

Ó kó rọ́bà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ bá Ìyá Fìyìn jà. Ìyẹn tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. “Bàbá Rodiat, ẹ wò ó, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti gé. Tó bá jẹ́ rọ́bà ni kò dáa, ṣé ojú kan náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ti gé ni? Ẹ lọ wo ibi tó ń jókòó sí.”

“Kí lobìnrin mọ̀ nínú ìbọn?” ni Sàlímọ́nù ń kùn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ki èékánná bọ ibẹ̀, èékánná sì kọ́. Ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ fi yọ rọ́bà àkọ́kọ́ ló ti ha irin náà. Ó fi sáńpépà dán an, ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó tún fi òrùka ike líle tẹ́ẹ́rẹ́ ti rọ́bà náà lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ má baà tì í wọ inú àlàfo. Ìbọn ò jò mọ́.

“Ibi tí mo ti wá ṣìkà nìyí,” ni Sàlímọ́nù wí níwájú ìsọ̀ ẹja náà, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. “Mo ti ní tiyín ni ò dáa, ojú wá ń tì mí láti yí i padà. Òmùgọ̀ ni mí! Àwọn mẹ́fà yẹn á tú àṣírí mi, torí ojú kan náà ni wọ́n ti gé; ni mo bá mú rọ́bà yín tuntun kan, mo fi abẹ gé e, mo sì fi han Ọ̀gá Kọ́láwọlé pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tà á fún mi.”

Ọ̀gá Kọ́láwọlé gbé rọ́bà yẹn dé ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹja, àwọn tó ń ra rọ́bà páǹpù lọ́wọ́ Ìyá Fìyìn jù. Kí oṣù méjì tó pé, ìsọ̀ Itamaga ti di títì pa.

“Abẹ?” Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Fìyìn. “Èmi tí mo júwe ibi tó ti ń jò fún yín, èmi lẹ fi abẹ bà jẹ́?”

“Èmi ni mo ṣe é. Ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́bọ̀ la máa gbéra, àfáà sì ní Ọlọ́run ò ní forí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì jì mí, àfi tí onítọ̀hún bá yọ̀ǹda.”

“Ẹ̀hẹ̀n! Nítorí ọkọ̀ òfurufú lẹ ṣe rántí mi! Àwọn ọlọ́sìn ẹja ń ṣèpàdé lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Sàlímọ́nù tún gbogbo rẹ̀ sọ níbẹ̀, kò fi abẹ pa mọ́. Ọ̀gá Kọ́láwọlé ò lè gbójú sókè. “Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́,” ni Sàlímọ́nù wí, “bí iṣẹ́ bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.”

Níta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá Fìyìn, ṣé ẹ ti forí jì mí?”

Obìnrin náà pòṣé. “Ẹ máa lọ sí Mẹ́kà yín. Tẹ́ ẹ bá padà dé, kẹ́ ẹ wá bi mí.”