Àwọn Obìnrin Méjìléláàádọ́ta Tí Mo Kọ Pé Wọ́n Wà Láàyè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, mọ́kànlá péré ni, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ lo máa lọ fọwọ́ síwèé fún dókítà, n kò sì lè dúró kí òtítọ́ fúnra rẹ̀ wá bá mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó, fara dà á. Orí mi dàrú, mi ò mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

O mọ̀ pé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì, nísàlẹ̀ ọsibítù yẹn, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé tí wọ́n ti ń pè mí ní Baba Fáìlì. Iṣẹ́ mi ni láti mọ iye àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti rí àrùn náà lára wọn. Mo máa ń tẹ̀ wọ́n láago lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé e, tó sì bú mi pé mo jí òun lójú oorun, ó wà láàyè dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá ní ó ti kú, mo kọ ọjọ́ tó kú. Ẹni tí a ò bá rí mọ́ ńkọ́? Òfin iṣẹ́ wa ni pé ọjọ́ tí a rí i kẹ́yìn ni ká kọ. A ó kà á mọ́ alààyè dé ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ó bọ́ nínú ìṣirò. A ò ní sọ pé ó yè, a ò sì ní sọ pé ó kú.

Lọ́dún kan, ọ̀gá wa wo ìwé mi, ó ní, "Baba Fáìlì, àwọn tẹ́ ò rí yìí mà pọ̀ o. Wọ́n á ní a kàn ń jókòó lásán níbí ni." Kò ní kí n purọ́. Mo ti gbìyànjú títí láti di ẹ̀bi náà lé e lórí, kò dúró. Nínú igba obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dọ̀ wa, méjìléláàádọ́ta ni mi ò rí. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo pa ọjọ́ tí a rí wọn kẹ́yìn rẹ́, mo sì kọ ọ́ fún gbogbo wọn pé wọ́n wà láàyè títí ọdún karùn-ún fi pé. Mo ní ẹni tí a ò gbọ́ ikú rẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí màá fẹnu pa á? Wo ọgbọ́n òṣì. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù ìyàwó ẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, mo mọ ohun tó ń sọ. Ìyàwó ẹ̀ náà, mo kọ ọ́ sí alààyè.

Bí nọ́ńbà wa ṣe fò sókè nìyẹn: méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mi ò mọ̀ nígbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n rí àrùn náà lára ìyá rẹ. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ọsibítù kejì ní ẹ̀rọ onítànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó jìnnà, ó sì máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, báàgì rẹ̀ lórí itan, ó ní, "Èwo ni kí n ṣe? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tiwọn jẹ́ ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Tiwa jẹ́ méjìdínláàádọ́rin." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà tí tiyín ju tiwọn lọ, kí ni mo wá ń rìnrìn àjò lọ ṣe? Ta ni yóò máa bá mi bomi rin òdòdó mi?" Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo kàn ń to pépà. Àwọn tọ̀hún ka tiwọn bó ṣe yẹ, òun ló jẹ́ kó kéré.

Ọdún mẹ́ta kò pé tó fi kú. Ṣé ì bá yè ká ní ó lọ síbẹ̀? Mi ò mọ̀. Dókítà kan tí mo bi ní kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, pé ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni nọ́ńbà ń sọ. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn, lẹ́yìn náà mo kórìíra ara mi pé inú mi dùn.

Èyí tó burú jù ni mò ń bọ̀ wá sọ yìí. Nígbà tí ọdún karùn-ún rẹ̀ pé, orúkọ rẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú àwọn yòókù, pé kí n tẹ̀ ẹ́ láago, kí n kọ bó ṣe wà. Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ohùn inú fóònù ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Mo sì kọ ọ́ pé ó wà láàyè. Bóyá ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Bóyá mo fẹ́ kó wà láàyè níbì kan. Bóyá mo ń ṣọ́ nọ́ńbà mi kó má bàa wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo ti sọ fún ara mi, n kò tíì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lo pè mí. O ní, "Bọ̀dá, dókítà fi nọ́ńbà yín hàn mí lára ògiri. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ọsibítù yín náà ni màá ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú mi yìí, mi ò lọ síbì kankan." Mo ní ó dáa. Ó dáa kẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá tuntun, a sì jọ ṣí ìwé náà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin péré la mọ̀ dájú pé wọ́n yè nínú igba. Bí àwọn tí mi ò rí bá yè tán, ó jẹ́ méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá kú tán, méjìlélógójì ni. Òótọ́ wà láàárín méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà, nítorí mo ti pa ọjọ́ tí a rí wọn kẹ́yìn rẹ́.

Mi ò ní kí o dárí jì mí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ó lè má ṣeé ṣe láé. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí o má fọwọ́ síwèé nítorí nọ́ńbà mi. Lọ sí ọsibítù kejì. Bi wọ́n pé àwọn tí wọn ò rí mọ́, báwo ni wọ́n ṣe kà wọ́n. Ẹni tí kò bá lè dá ẹ lóhùn, dìde lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí o bá sì bi mí pé èwo ló máa gbà ẹ́ là, mi ò mọ̀. Gbólóhùn yẹn náà ló yẹ kí n ti sọ fún ìyá rẹ.