Igbá Jagunjagun

Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ga bí òpó iná, ni wọ́n ń fa igbá kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston, tí èmi ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀.

"Dá a padà, ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ mi ò ní gbé igbá agbe láéláé."

"Mọ́mì, eré ni. Àwọn jagunjagun inú ìràwọ̀ tó wà nínú fíìmù lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ múra bíi wọn ní Sátidé. Ẹ̀sìn wọn ni kí wọ́n máa tọrọ oúnjẹ kiri. Ẹni tó bá fún wọn jẹ, wọn ò gbọdọ̀ gbé ìbọn sí i."

"Ta ló ń bu gààrí fún ẹni tó ní ọkọ̀ òfurufú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, díẹ̀ ló kù kí n gbé ìgbálẹ̀ mì.

"Ṣebí ẹ̀yin náà gbé èmi àti ìkejì mi tọrọ lọ́jà, nítorí wọ́n ní bí ìyá ìbejì ò bá tọrọ, àwọn ọmọ ò ní dúró?"

Ìyá náà jókòó lé àpò ìrẹsì mi.

"Mo tọrọ, ẹ sì dúró. Ìwọ wá kó lọ sí Cypress, ẹ̀yìn Houston níbí, o ò wálé wá jẹun mọ́. Ra igbá ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tèmi ni kó o ti kọ́kọ́ tọrọ."