Wọ́n Ta Ìpín Wa Lówó Pọ́ọ́kú, Wọ́n Tún Ń Pàtẹ́wọ́

Bọ̀dá mi, ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò ní rọra sọ̀rọ̀! Kí wọ́n gbọ́ mi nínú gbọ̀ngàn ọjà ìpín tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn! Àtẹ́wọ́ kí ni? Pé ìpín ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa tí wọ́n tà ní ogún-ogún náírà láàárọ̀ yìí ti di méjìdínlógójì kí oòrùn tó kan àtàrí? Ta ló jèrè ẹ̀? Ṣé èmi ni? Àbí ẹ̀yin? Háà!

Láti ìgbà tí ìyá wa ti fi iṣẹ́ yìí lé wa lọ́wọ́ la ti jọ ń po ọṣẹ, tí ọṣẹ bó mi lọ́wọ́ yánnayànna, kí oníbáńkì onítáì pupa yẹn tó dé, tó ní òun á mú wa wọ ọjà ìpín, kí ará ìta lè ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wa, òun á wádìí iye tó tọ́. Ó kó wa kiri ọ́fíìsì àwọn olówó ńlá, ó ń bi wọ́n pé èló ni wọ́n lè rà á. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ, mo fi ìyá wa búra, wọ́n ní àwọn á san ọgbọ̀n! Ló bá padà wá, ó ní ká gbà á ní ogún. Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó ní ṣe làwọn máa ń dín in kù díẹ̀ kí iye ẹ̀ lè fò sókè tọ́jà bá ṣí, kí inú àwọn tó rà á lè dùn. Inú tiwa ńkọ́? Oníbàárà ẹ̀ kọ́ ni gbogbo wọn ni? Òun ló pín in fún wọn, wọ́n sì ti tà á ní méjìdínlógójì kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán!

Kí lẹ wí? Pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i? Mo mọ̀! Ó pè yín ní Alága, orí yín sì wú! Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Ìpín tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi ni mo tà, bọ̀dá! Gbogbo ẹ̀ pátá! Ká lè ra ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ wà lórí ẹ̀, kí onílẹ̀ má baà lé wa. Ní ogún, ó kàn tó ni, mo ní kò burú. Àfi bí onílẹ̀ ṣe gbọ́ lórí rédíò pé a ti di olówó ọ̀sán gangan, ló bá fi owó gọbọi lé e! Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?

Kí n wá ya fọ́tò kẹ̀? Ẹ gbọ́ fóònù mi tó ń dún yìí, onílẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ gbà, ẹ gbé e fún onítáì pupa. Kó sọ fún un kó dín owó ilẹ̀ kù díẹ̀, kí inú àwa tó fẹ́ rà á náà lè dùn!