Ọmọ Kétu Di Àlejò, Ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù Di Ọmọ Ilé

Rárá o, Ìyá Hope, ẹ má bẹ̀ mí! Ẹ jókòó, ẹ sún àwọn sùtánà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò tíì rán wọn tán, àmọ́ ẹ má bẹ̀ mí. Ṣé èmi ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀ ni, àbí Dáníẹ́lì, ọmọ bùrọ̀dá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, tí ọkọ yín wò láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́ tá a wá tọrọ Hope, tí wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún àlejò? Àlejò! Olúwa ló kó mi yọ, tí kì í bá ṣe ti ìjọ tá a jọ ń lọ, ǹ bá ti sọ tẹnu mi jáde lọ́jọ́ náà.

Ta ni àlejò? Ẹ dá mi lóhùn jàre. Kétu Alákétu, lápá Kùtọnu, ni wọ́n ti bí i, mo gbà. Ṣé Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Kétu ni? Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí èmi àti bùrọ̀dá mi. Ilé tó wà ní Kétu ni wọ́n bí bùrọ̀dá mi sí. Oko tó wà lápá ibí ni ìyá wa wà nígbà tí wọ́n rọbí èmi. Ó tán! Torí pé Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Òyìnbó Faransé jókòó síbì kan tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n fa ìlà gba àárín oko bàbá wa àgbà kọjá, tí wọn ò tiẹ̀ kí onílẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, èmi di ọmọ Nàìjíríà, bùrọ̀dá mi di ará Benin, Benin ti Kùtọnu. Ọmú kan náà la mu o! Ṣé ọmú ọ̀tún ni Nàìjíríà ni, tí tòsì wá jẹ́ Benin?

Ẹ má rẹ́rìn-ín, mò ń bínú.

A wọlé yín ní Egan, ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí wọn bí ọmọ gidi ṣe ń kí bàbá. Kí lọkọ yín fi dáhùn? Gẹ̀ẹ́sì! “Young man, what do you do for a living?” Dáníẹ́lì ní, “Olùkọ́ ni mí, sà, ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn.” Wọ́n ní, “In English, please.” Ọmọ ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwọn níwèé. Wọ́n bá yíjú sí yín, wọ́n ní kò kàwé. Ẹni tó jáde yunifásítì! Lara bá ta ọmọ, ló bá da Faransé bolẹ̀ wàrà-wàrà, ẹnu ọkọ yín là sílẹ̀. Ẹ wò ó ná, ọmọ Yorùbá méjì kojú síra wọn, ọ̀kan ń fi èdè Òyìnbó kan jà, èkejì ń fi ti Òyìnbó mìíràn dá a lóhùn!

Bàbá Goodluck wá nítiwọn, ọmọ Ijaw tó tẹ̀ lé wa torí pé òun àti Dáníẹ́lì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bayelsa lọ́hùn-ún ló ti wá, síbẹ̀ ọkọ yín fún un ní àga ọlọ́lá, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà bíi tàwọn ni. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Oga, I no understand. Which one be the stranger here?” Mo bá bú sẹ́rìn-ín! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ibẹ̀ lọkọ yín ti dìde, tí wọ́n ní ká máa lọ.

Ẹ gbọ́, èmi àti Bàbá Goodluck ò gbọ́ èdè ara wa, Òyìnbó dì wá pọ̀ sí Nàìjíríà kan náà, kò burú, a ti mọ́ra, a jọ ń kọrin. Ẹni tá a wá jọ gbọ́ èdè ńkọ́?

Àti Richard! Nígbà tí Susanna, ọmọ yín, mú Òyìnbó wálé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣebí mo wà níbẹ̀. Ó pe Egan, ó ní “again”, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó bọ ìyá ọkọ yín lọ́wọ́ lórí ìdúró, ẹ ní ó mà níwà o! Ta ló bi í pé ará ibo ni? Àwọn bàbá bàbá ẹ̀ ló fa ìlà, ẹ fọmọ fún un. Àwọn bàbá bàbá Dáníẹ́lì ni wọ́n fà á lé lórí, òun wá ni àlejò. Mi ò bá Richard jà o, ọmọ dáadáa ni, ó fún mi ní ṣokoléètì. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí Dáníẹ́lì bi mí lọ́jọ́ tá a ti Egan padà dé Igando níbí. Bá a ṣe ń wọlé ló ní, “Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò jọ tiyín ni?” Ìyá Hope, kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó lọ gba ìwé Nàìjíríà ná? Ẹ fìyẹn sílẹ̀, mo mọ ohun tó gbé yín wá gan-an. Hope ò sùn nílé lánàá, àbí? Ó wà nínú yàrá mi, òun àti báàgì ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ilé Bàbá Goodluck ni mo ní kí Dáníẹ́lì lọ sùn, mi ò fẹ́ ìtìjú. Àmọ́ mi ò ní lé e jáde. Ó ní àfi kí bàbá òun wá fúnra wọn, kí wọ́n sọ fún Dáníẹ́lì pé “ọmọ mi, má bínú”.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn? Hope, o ti jí! Jáde wá kí màmá ẹ.

Ẹ̀yin náà, ẹ fa fóònù yín yọ, ẹ pe ọkọ yín. Nísinsìnyí. Ẹ gbé e sí sípíkà, kí n gbọ́ èdè tí wọ́n máa fi kí mi.