Ìka Kan Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ìka-Kan, níbo lo wà?

ÌKA-KAN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú aṣọ rírán. Ẹ gbọ́, tí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí sípánà má dúró lọ́wọ́ mi mọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè ni mo bi ẹ́. Nọ́ọ̀sì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀. Mọ́tò ẹ̀ dà? Aago méjì ló ń wọṣẹ́.

ÌKA-KAN: Pọ́ǹpù páwá sitiárìn tuntun ti wọlé. Mo yọ ti àtijọ́, mo de tuntun, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Sitiárìn wá fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, ó yí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àná lo ti gba mọ́tò.

ÌKA-KAN: Mo kọ́kọ́ ń wò ó lójú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Máa gbé e bọ̀.

ÌKA-KAN: Mo kàn yà síbì kan. Testing.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo?

ÌKA-KAN: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì—

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́ ẹ. Ibo?

ÌKA-KAN: Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀gá tó lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́?

ÌKA-KAN: Òun gan-an. Ọdún méjì rèé tó lé mi bí ajá lójú àwọn kọ́sítọ́mà, ó ní hámà ni mo fi lu púlì, èyí tí bẹ́líìtì ń yí lára pọ́ǹpù, tí inú pọ́ǹpù fi fọ́. Èmi kẹ̀. Lónìí, mo tẹ họ́ọ̀nù títí gbogbo wọn fi jáde. Mo na ìka kan, òun ni mo fi yí sitiárìn. Mo yípo lẹ́ẹ̀kan, mo yípo lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu ọkùnrin náà là débi tí ẹyẹ lè yé sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó ń rẹ́rìn-ín] Ó ti tẹ́. Tún yípo fún mi. Mi ò kí i láti ọdún méjì. Ìyàwó ẹ̀ gbé aṣọ wá, mi ò tiẹ̀ tú u tí mo fi dá a padà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìwọ ọmọ yìí, mọ́tò mi lo fi ń jà?

ÌKA-KAN: Ta nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: O wà lórí sípíkà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́ ẹ.

ÌKA-KAN: Ẹ kú ọ̀sán, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti dárúkọ ẹ fún wọn nílé ìwòsàn, pé ìwọ ni kí wọ́n gbé mọ́tò wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún. O yípo lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹta ńkọ́?

ÌKA-KAN: Ìkẹta… Mọ́tò kàn rọra sún mọ́ òkìtì táyà kan. Ó sún mọ́ ọn dáadáa—

NỌ́Ọ̀SÌ: O kọlù ú.

ÌKA-KAN: Àwọn táyà náà ló jókòó sójú ọ̀nà, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Sitiárìn ìyẹ́ adìyẹ ńkọ́?

ÌKA-KAN: Ó le díẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú, mo fi orúnkún kún un, kò mì. Nǹkan kékeré kan já bọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yí gbirigbiri wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá lọ.

[Wọ́n ń kan gíláàsì mọ́tò.]

Ọ̀GÁ: [láti ìta] Gba nǹkan ẹ. Ẹsẹ̀ mi ló wá bá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni nǹkan náà?

ÌKA-KAN: Ohùn yín ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ohùn mi ò já. Gbé fóònù fún un.

Ọ̀GÁ: Télọ̀, ẹ kú ọ̀sán. Ó ti tó ọdún méjì.

Ẹ̀GBỌ́N: …Ẹ kú ọ̀sán, sà. Kí ló já bọ́?

Ọ̀GÁ: Púlì pọ́ǹpù. Irin kan wà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù ló ń lù ú. Àpá hámà mẹ́jọ ló wà lára èyí. Ti ọdún yẹn wà lórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo tọ́jú ẹ̀. Mẹ́jọ náà ni. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìka-Kan. O búra fún mi nígbà yẹn.

ÌKA-KAN: Mo rọra lù ú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo dá aṣọ ìyàwó ẹ̀ padà nítorí ẹ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ máa wo mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé ìwòsàn.

Ọ̀GÁ: Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ to táyà mi padà. Ìka kan ni kó fi tò ó.

[Ẹ̀rín, láti ìhà méjèèjì.]

ÌKA-KAN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, òtítọ́ pọ́ńbélé—

NỌ́Ọ̀SÌ: Tò ó tán, kí o máa lọ sílé.

[Ohùn àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n: Máa lọ sílé o.]

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni, máa bọ̀ nílé. Mò ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí, kí n lè débẹ̀ ṣáájú ẹ.

ÌKA-KAN: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mi ò gbọ́ yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò—

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́ ẹ ketekete.

[Fóònù já.]