Ìlà Pupa Lórí Bóòtù Kẹrin

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí gbogbo yín jókòó. Ọ̀gá Sùúrù, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín pe ilé àti ẹbí jọ, nítorí náà ẹ má dìde lórí àga títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi létí ìyàwó mi, ó rò pé mo ń sùn. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síbi tí mò ń lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ iṣẹ́ ọkọ̀ eré ìje. Mẹkáníìkì ẹ̀bá títì lásán ni mí, ọkọ̀ akérò ni mò ń tún ṣe, kí ẹ tó bá olórí ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà mí. Ẹ kọ́ mi láti máa fi etí ṣiṣẹ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, sípánà tí à ń lò níbẹ̀, bí bóòtù bá ti le tó, á dún kẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn lèèyàn á wá fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín láti orí bóòtù dé ara irin, kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè mọ̀ pé ó ti le, kó sì mọ ẹni tó dè é. Kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa ni ti Ọ̀gá, funfun ni tèmi. Ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Ẹni tó bá fa ìlà ti búra o." Èmi á rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin péré ni mo ti lò, àmọ́ mò ń ṣe bí ẹni tó bí iṣẹ́ náà. Mo sì ti ní ìwà burúkú kan: mo máa ń fa ìlà ṣáájú kí n tó de bóòtù, kí olórí lè rò pé mo ti parí tó bá ń kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje kan, mo gbọ́ tí awakọ̀ wa, ọ̀dọ́bìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mádúró, ń sọ fún olórí pé ọkọ̀ náà ń fà sápá òsì díẹ̀. Olórí ní kò sí nǹkan kan. Mo ní lọ́kàn mi pé ṣebí èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gá, ẹ ti de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí táyà iwájú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìlà yín wà lórí wọn. Nígbà tí gbogbo yín lọ jẹun, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú wọn, mo tún ibẹ̀ tò bí mo ṣe rò pé ó yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé mo fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀gá mi, mo lọ jí ìgò ọ̀dà pupa nínú àpótí yín. Mo nu ìlà yín dànù, mo fa tuntun sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó mú sípánà rárá. Mo de ọ̀kan, ó dún kẹ́. Mo de èkejì, mo de ẹ̀kẹta. Ni mo bá gbọ́ ikọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo fò jáde bí olè, àbí kí ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀? Mo dá ìgò padà. Ẹ bi mí bóyá ebi ni mo fẹ́ fi gba ife-ẹ̀yẹ tí mi ò fi wá jẹun, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ìlà pupa mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó gún régé. Ojú mi rí ìlà, ọkàn mi sì sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí mo fi ń tan olórí jẹ ló tan èmi náà. Mo lọ jẹun.

Ní ìyípo kẹfà, táyà iwájú yẹ̀, ọkọ̀ Mádúró sì lọ forí sọ ògiri. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún. Olórí gbé àjákù irin náà sórí tábìlì. Bóòtù kẹrin ti tú dànù, ṣùgbọ́n ìdajì ìlà pupa ṣì wà lára irin. Ó béèrè ẹni tó ni ín. Ẹ ní ẹ̀yin ni. Mo ní lọ́kàn mi pé màá sọ òtítọ́ tó bá di ọ̀la.

Èyí tó burú jù ò tíì dé o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ takú pé ẹ gbọ́ kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá yín lójú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ wá bá mi nínú yàrá mi, ẹ ní, "Àbúrò, èmi ni. Mo ti gbà pé èmi ni. Sìn mí lọ bẹ Mádúró nílé ìwòsàn." Mo sì sìn yín lọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ẹ ń sunkún. Mádúró ò wò yín. Èmi ló wò, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Èmi, ọ̀dájú ọmọ, mo ní, "Àṣìṣe ni. Ẹ bá wa dárí jì wọ́n." Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo ń bá yín tọrọ àforíjì lé lórí. Nígbà tí a jáde, ẹ dì mọ́ mi, ẹ ń dúpẹ́.

Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àyè yín ni wọ́n fún mi, ibẹ̀ ni gbogbo òkìkí mi ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Màmá, ìyàwó yín tó jókòó tì yín yìí, sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ń dìde lórí oorun láti lọ wo ilẹ̀kùn tí ẹ ti tì. Wọ́n ní láti oṣù márùn-ún tí wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ yín, ẹ ò gbé e rí, pé ẹ ní ọwọ́ yín kì í ṣe ọwọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún lórí àìsàn yìí lọ.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Mádúró, ọmọ mi mú un lọ láàárọ̀ yìí. Ohun tó bá tọ́ sí mi lójú rẹ̀ ni kó ṣe. Ọ̀gá, àforíjì ń bẹ tí mo fẹ́ tọrọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbà mí gbọ́ ná. Ẹ de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ ló le. Èmi ni mo tú u. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Ìyá ọmọ, ìwọ tí o gbé ọmọ-ọmọ wọn dání yẹn, jọ̀ọ́, dìde, gbé e fún bàbá rẹ̀ àgbà. Ọ̀gá mi, ẹ gbà á lójú mi. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ gégùn-ún fún mi, mo wà níbí, mi ò lè sá.